Kòkó Lórí Ọ̀dà Tuntun

"Gbóòórùn rẹ̀ ná kó o tó sọ̀rọ̀," ni Akíntóyè wí, ó sì da ẹ̀kúnwọ́ kòkó sórí tábìlì, láàárín àwọn ìwọ̀n àti àwo irin tí Oyèbọ́lá fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹnu ya Oyèbọ́lá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í wá sí Àkúrẹ́ láìpè é lórí fóònù, kò sì wọ yàrá àyẹ̀wò yìí rí láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàtà oko ló wọ̀ dé, erùpẹ̀ Bọ́lọ́rundúró ti gbẹ mọ́ ọn, kò sì fẹ́ jókòó.

"Bùọ̀dá mi, ẹ mu omi ná."

"Mi ò mu omi. Gbóòórùn rẹ̀."

Ó mú hóró mélòó kan, ó gbé wọn símú. Kòkó tó gbẹ dáadáa ní òórùn kan tí ọmọ oníkòkó kì í gbàgbé, ibi yòówù kí ayé gbé e lọ. Ó máa ń kan díẹ̀, ó máa ń dùn díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yan ẹ̀pà nítòsí ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n jù. Oyèbọ́lá wá òórùn yẹn, kò rí i. Èyí tó rí ni òórùn epo tó ti wà lára aṣọ iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá.

"Níbo lẹ ti sá a?" ó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Níbo la tún ń sá kòkó sí? Ojú títì ni. Títì tuntun tó o ṣe fún wa."

Títì náà kò ju ọ̀nà oko kan lọ, èyí tó yà ní Bọ́lọ́rundúró wọ àárín àwọn oko kòkó. Ṣùgbọ́n lójú Oyèbọ́lá, kò sí títì kan ní Àkúrẹ́ tó tó o. Lápá etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo, ẹ̀rọ máa ń hú ẹrẹ̀ àti èérún òkúta jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ti mu epo yó. Inú kòtò ńlá ni wọ́n ń dà á sí. Bí òjò bá rọ̀, kòtò á kún, á sì ṣàn lọ bá omi àwọn apẹja. Oyèbọ́lá ti dúró létí ọ̀kan nínú àwọn kòtò yẹn rí, ó rí ẹja tó léfòó bí ewé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ohun tí èèyàn lè fi ẹrẹ̀ náà ṣe. Ó rí i níkẹyìn: kí wọ́n yan án nínú iná ńlá títí epo ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi ṣe títì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ọlátúnjí tó ni ilé-iṣẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba títí wọ́n fi yọ̀ǹda ọ̀nà oko yìí fún wọn láti fi dán an wò. Ọ̀la gan-an ni àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá, pẹ̀lú àwọn elépo tó ni ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹrẹ̀ náà kò tún ní dé inú omi mọ́.

"Gírédà ìjọba tó ń yẹ kòkó wò wá lánàá," Akíntóyè ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ó fi ọ̀bẹ la hóró, ó gbé e símú, ó ní ta ló da kẹrosíìnì sí i. Mo ní kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i. Ó ní kí n kó o kúrò lójú òun. Ó kọ ti Ọmọ́níyì. Ó kọ ti Bàbá Wúrà. Gbogbo àwa tá a sá kòkó síbẹ̀, kò gba ti ẹnì kankan. Kòkó ọdún yìí ni o, Oyèbọ́lá."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sá a síbẹ̀? Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má sá kòkó sójú ọ̀dà."

"Ìjọba." Akíntóyè pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń tu egungun ẹja dànù. "Níbo nìwọ ń sá kòkó sí nígbà tó o wà ní kékeré? Ta ló ń ti ilé ìwé dé, tó ń lé ewúrẹ́ lójú títì títí oòrùn á fi wọ̀? Ìjọba ni?"

Oyèbọ́lá da hóró ọwọ́ rẹ̀ padà sórí tábìlì. Ó ti wa tírélà kọjá lórí títì yẹn, títì ò sán. Ó ti gé nínú rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó yẹ omi náà wò, kò bá epo nínú rẹ̀. Ó ti ronú nípa òjò, ó ti ronú nípa kànga àwọn ará oko. Kò ronú kan ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Ará ibẹ̀ kì í rí ilẹ̀ dúdú tó tẹ́jú, tó sì ń gba oòrùn, kó má wá nǹkan sá sí i. Ọ̀dà lásán náà ń ba òórùn kòkó jẹ́ díẹ̀. Èyí tí ẹrẹ̀ epo wà nínú rẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán ń yan lábẹ́ kòkó lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ ṣe?

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Ọlátúnjí wọlé, ó ti gbọ́ ohùn àlejò láti ọ́fíìsì rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ọmọ Ìkàrẹ́, kì í pariwo. Ó kí Akíntóyè, ó rí kòkó, ó mú hóró kan gbé símú. Ó rọra dá a padà sórí tábìlì, ó sì lọ pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí wa," ó ní. "Ní Ìkàrẹ́ tiwa, Ọlọ́run fún wa lápàáta, òun la ń sá èlùbọ́ sí. Ẹ̀yin ará Oǹdó, ó jọ pé títì lẹ fi ṣe àpáta tiyín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ àpáta tiyín kì í rùn."

Ọ̀gá Ọlátúnjí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Mo máa ra gbogbo kòkó náà. Iye tí gírédà ì bá jẹ́ kẹ́ ẹ tà á ni mo máa san. Kẹ́ ẹ ṣáà bá mi kó o kúrò lójú títì kí àlejò tó dé."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?" Oyèbọ́lá béèrè.

"Mo mọ ẹnì kan. Wọ́n á fi díẹ̀díẹ̀ pò ó mọ́ èyí tó dára. Imú gírédà kan ò ní mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ta ló ń jẹ kòkó lásán? Wọ́n á yan án lókè òkun, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á kó ṣúgà sí i. Àbí ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé iná ń gba epo kúrò lára nǹkan?"

Akíntóyè ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń wo ìjà tí kò mọ ẹni tí yóò gbè lẹ́yìn.

"Ẹ̀njíníà, gbọ́ mi," Ọ̀gá Ọlátúnjí wí, ohùn rẹ̀ sì wá rọ̀. "Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kòkó lọ́la, wọn ò ní gbọ́ nǹkan míì mọ́. Wọ́n á ní títì yìí ń pani. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ wọn padà sínú kòtò, kò sì ní sẹ́ni tó tún máa gbọ́ tiwa láyé. Ìwọ lo fi àwòrán ẹja yẹn hàn mí. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

"Mi ò gbàgbé, sà."

"Ó dáa. Bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Èèyàn rẹ ni wọ́n. Wọ́n á gbọ́ tìẹ."

Ọkọ̀ Oyèbọ́lá ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n dé afárá Òwéna. Àwọn obìnrin ṣì ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbín sí àwọn ọlọ́kọ̀ níbẹ̀, bí àwọn ìyá wọn ti ń ṣe nígbà tí omi Òwéna ṣì ń hó lábẹ́ afárá tóóró àtijọ́. Lẹ́yìn afárá, òjìji kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Láyé ìgbà tí wọ́n ń rin ọ̀nà yìí pẹ̀lú bàbá wọn, wọn kì í béèrè bóyá àwọn ti súnmọ́lé. Bí wọ́n bá ti gbóòórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò lóko, wọ́n mọ̀ pé àwọn ti dé nìyẹn.

"Owó Ọ̀gá yín," Akíntóyè sọ lójijì. "Mo lè gbà á. Àwọn yòókù náà á gbà á. Àmọ́ ìwọ lo mọ̀wé títì nínú ilé wa. Bó o bá ní ká gbà á, a ó gbà á. Bó o bá ní ká má gbà á, wàá sọ fún wọn fúnra rẹ. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

"Ẹ ti di gbogbo rẹ̀ rù mí nìyẹn, Bùọ̀dá mi."

"Ta ló ṣe títì?"

Kòkó kún ojú títì tuntun náà nígbà tí wọ́n dé. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú lórí ọ̀dà dúdú, òkúta sì wà yí i ká kí ọ̀kadà má baà gùn ún. Níbi tí kòkó parí sí, ohun funfun kan tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Ìyá wọn jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàṣán ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oyèbọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni òórùn ti kọ́kọ́ bá a.

"Màmá, kí lẹ sá síbẹ̀ yìí?"

"Ojú ń dùn ẹ́ ni? Láfún ni."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń sá a síbí?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti parí ọ̀nà. Ah, Oyèbọ́lá, títì yìí dára. Láfún tó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, wàràwàrà ló ń gbẹ níbí. Mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó pé ọmọ mi ló ṣe é. Pásítọ̀ ní kí n dìde dúró, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Ṣé ẹ ti jẹ nínú rẹ̀?"

"Ṣé kí n máa fi ṣe ìran ni? Mo ń jẹ ẹ́. Ó ń rùn díẹ̀ bí àtùpà, mo sì rò pé títun ara títì náà ni. Nǹkan tuntun gbogbo ló ń rùn. Aṣọ tuntun pàápàá ń rùn. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń bò ó mọ́lẹ̀." Ó fi pàṣán halẹ̀ mọ́ ewúrẹ́ kan tó ń yọ́ bọ̀. "Ti Ìrètíolúwa wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún. Mo ti di í sínú ọ̀rá fún ọ. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ yẹn, ẹ ò fún wọn ní oúnjẹ gidi."

Ìrètíolúwa ni ọmọ kan ṣoṣo tí Oyèbọ́lá bí. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Màmá, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni jẹ."

Ìyá rẹ̀ gbé pàṣán kalẹ̀. "Ṣé májèlé ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ó lè má ṣe yín ní nǹkan kan. Mi ò yẹ ìyẹn wò. Omi ni mo yẹ̀ wò, mi ò ronú kan oúnjẹ."

Ìyá náà wò ó pẹ́ títí. Kò bínú. Ì bá sàn fún Oyèbọ́lá ká ní ó bínú.

"Ọ̀nà tí ìwọ ṣe," ó ní, "ìwọ ò mọ̀?"

Ó dìde, ó di orúnkún mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá láfún náà jọ sínú abọ́. Oyèbọ́lá fẹ́ bá a gbá a. Ìyá náà ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn èèyàn ti ń jáde láti abẹ́ igi. Ọmọ́níyì, ọ̀rẹ́ Akíntóyè láti kékeré, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀njíníà wa, ẹ kú iṣẹ́. A dúpẹ́ títì. Ṣé ẹ wá gbóòórùn wa ni, àbí ẹ mú lọ́fínńdà bọ̀ fún kòkó?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìfẹ́. Akíntóyè kò gbè lẹ́yìn àbúrò rẹ̀, bó ti ṣèlérí. Oyèbọ́lá gbójú sílẹ̀, ó jẹ́ iṣẹ́ tí Ọ̀gá Ọlátúnjí rán an. Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ yóò wá kó kòkó láàárọ̀, owó yóò sì wọlé. Ó retí kí ẹnì kan béèrè ibi tí wọ́n ń kó o lọ, kó lè dáhùn. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọdún ti lọ jìnnà, ìyà sì ti jẹ wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkó sápò.

"Kò burú," Ọmọ́níyì wí. "Ẹni tó bà á jẹ́ ló rà á." Ó wo Oyèbọ́lá. "Àmọ́ lẹ́yìn eléyìí ńkọ́? Ṣé kòkó tó ń bọ̀ náà, ẹ máa rà á?"

Oyèbọ́lá gbé láfún Ìrètíolúwa sínú ọkọ̀. Ilé bàbá wọn ní Oǹdó ló sùn, òórùn náà sì bá a wọ yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ọ̀rá náà dání padà sí Bọ́lọ́rundúró.

Ojú títì ti mọ́ fínnífínní. Àwọn obìnrin ti gbá a, àwọn òṣìṣẹ́ ti ta ìbòòrùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti to àga. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí kòkó kún inú rẹ̀ dúró. Ọ̀gá Ọlátúnjí wọ agbádá funfun. Ó rí Oyèbọ́lá, ojú rẹ̀ tàn.

"O ṣé é, Ẹ̀njíníà. Mo mọ̀ pé o máa ṣe é. Àwọn àlejò ti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ní Oǹdó."

"Ẹ wo ohun tí màmá mi ń jẹ, sà." Ó tú ẹnu ọ̀rá náà.

Ọ̀gá Ọlátúnjí gbóòórùn rẹ̀.

"Láfún?"

"Ìyẹn kò sí nínú ètò yín, sà. Wọn ò ní kó o lọ sókè òkun. Inú ilé wa ló ń lọ."

"A óò kọ pátákó. A óò ní kí wọ́n má sá nǹkan síbẹ̀."

"Ìjọba ti kọ pátákó kí wọ́n tó bí mi, sà. Ẹ̀gbẹ́ pátákó yẹn ni mo ti ń sá kòkó."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Kí ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ọ̀dà tí kò ní ẹrẹ̀ kankan wà lójú. Ká sì da sìmẹ́ńtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n ríbi máa sá nǹkan. Ká yẹ ara àwọn tó ti jẹ láfún yìí wò pẹ̀lú. Títì yìí dára, sà. Iṣẹ́ náà ni kò tíì parí."

"Wọ́n lè má dúró gbọ́ ìyẹn. Wọ́n lè kọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀."

"Wọ́n lè kọ̀ ọ́, sà."

"Ẹja yẹn ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn gún un níbi tí Ọ̀gá fẹ́ kó ti gún un. Ó wo títì dúdú tó ń dán, tó jẹ́ pé òun nìkan lórí ilẹ̀ ayé ló mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi ohun kan. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ti gbé àpótí rẹ̀ wá síbi tó máa ń jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí láfún níwájú rẹ̀.

"Mi ò lè fi màmá mi san gbèsè ẹja, sà," ó wí.

Láti òkèèrè, níbi tí ọ̀nà ti yà wọlé, gíláàsì ọkọ̀ mélòó kan ti ń kọ mànà nínú oòrùn. Ọ̀gá Ọlátúnjí rí i. Oyèbọ́lá náà rí i.

Ó lọ síbi ọkọ̀ akẹ́rù. Akíntóyè wà nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àwọn àpò.

"Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ àpò kan kalẹ̀, kí àlejò gbóòórùn rẹ̀ fúnra wọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó wo Ọ̀gá, ó tún wò ó. Ó gbé àpò kan lé èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e dé àárín títì gan-an, ó tú u.

Kòkó dà sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí Oyèbọ́lá ti mọ̀ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ká ẹnu ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ láàárín kòkó náà bí bàbá wọn ti kọ́ wọn, kí ó lè tẹ́, kí tìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Ọ̀dà ti ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Fẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún," ìyá rẹ̀ sọ láti orí àpótí. "Kò tẹ́ níbẹ̀."

Oyèbọ́lá fẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún, títí ó fi dé iwájú Ọ̀gá Ọlátúnjí. Ọ̀gá kò kúrò níbi tó wà. Ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn. Nígbà tí kòkó kan bàtà rẹ̀, ó bojú wolẹ̀. Ó kó agbádá rẹ̀ sókè, ó sì rọra sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn kó má baà tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dúró. Oòrùn ti ń mú, òórùn náà sì ti ń dìde.